Púlọ́ọ̀gì Tó Ń Kú Lemọ́lemọ́ Lára Alùpùpù Àtijọ́: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Kò sí ẹni tó ń ta páàtì ọ̀kadà ní Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò mọ oníbàárà yìí: ó ra púlọ́ọ̀gì, ohun kékeré tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì, lọ́jọ́ Ajé, ó tún padà dé lọ́jọ́ Ẹtì. "Ẹ fún mi ní òmíràn, èyí tí mo rà níjọ́sí ti kú." Wọ́n á gbé e fún un, á sanwó, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á tún bá a níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ alùpùpù tó ń jẹun fún ìdílé níbí ti dàgbà: Honda CG125 tí bàbá fi lé ọmọ lọ́wọ́, Jincheng AX100 tó ti ń kó iṣu bọ̀ láti Ajáàwà láti ọjọ́ pípẹ́. Bí púlọ́ọ̀gì bá ń kú lára irú wọn lọ́sẹ̀ ọ̀sẹ̀, púlọ́ọ̀gì kọ́ ló ń ṣàìsàn. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Púlọ́ọ̀gì ń gbé ibi tí epo ti ń jó, a sì lè tú u jáde kó wá jẹ́rìí ohun tó rí níbẹ̀. Àṣìṣe tó burú jù lọ ni kí a ju ẹlẹ́rìí yìí nù láìwo ojú rẹ̀.

Ẹ má jù ú nù láìkà á

Bó bá dúdú, tó gbẹ, tó ń kun ọwọ́ bí ìdí ìkòkò, epo ti pọ̀ ju atẹ́gùn lọ. Bó bá dúdú, tó ń dán, tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń ráyè wọ ibi tí kò yẹ kó dé. Bó bá tutù rin-in, tó ń rùn bẹntiróòlù, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ dúdú, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé iná rẹ̀ ni kò lágbára tàbí pé epo ti mu ún yó. Àwọ̀ tó dára ni àwọ̀ bisikíìtì.

Ṣùgbọ́n ẹ má ka púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ tó ti ń síló (tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ láìrìn) lójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, irọ́ ló máa pa fún yín. Ẹ gùn ún jáde sí ọ̀nà tó na tàntàn, bí ọ̀nà Ìkòyí, kí ẹ fún un níná dé ìdajì fún bíi kìlómítà 5. Ẹ di kílọ́ọ̀ṣì mú, kí ẹ pa á lójú ẹsẹ̀ láìjẹ́ kó síló rárá. Ẹ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tó tú u. Ohun tí ẹ bá rí nígbà náà ni òótọ́.

Sáńpépà, búrọ́ọ̀ṣì onírin àti iná sítóòfù

Ẹ wo ọmọ iṣẹ́ tó ká sáńpépà sí méjì, tó kì í bọ ẹnu púlọ́ọ̀gì, tó ń fà á síwá sẹ́yìn títí irin fi ń dán. Ọkọ̀ á jí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n yanrìn wíńníwínní ti há sí àárín tánganran (apá funfun ara púlọ́ọ̀gì) àti irin, níbi tí a ò lè fi ẹnu fẹ́ ẹ dé. Ọjọ́ tó bá já bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì, ara sìlíńdà ló máa ha. Búrọ́ọ̀ṣì onírin náà ò sàn jù ú lọ: ó ń fi ìlà irin sílẹ̀ lára tánganran, iná á sì máa gba ojú ìlà yẹn sá lọ sí ara ẹ́ńjìnnì dípò kó fo àlàfo tó wà láàárín irin méjì ẹnu púlọ́ọ̀gì. Iṣẹ́ ibi kan náà ni èédú ń ṣe, torí pé èédú máa ń gbé iná. Sísun púlọ́ọ̀gì lórí sítóòfù sì lè la tánganran láìjẹ́ pé ojú rí i.

Bí ó bá di dandan kí ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ lè délé, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó àti bẹntiróòlù díẹ̀ ti tó. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ tún àlàfo rẹ̀ wọ̀n: 0.6 sí 0.7 mm ni ti CG125. Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ wá fílà géèjì, irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo.

Wáyà nínú jẹ́ẹ̀tì

Èyí ló ń ba kábúrétọ̀, ibi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pò pọ̀, jẹ́ jù. Epo ń wọlé ségesège, mẹkáníìkì tú jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun kékeré oníhò tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀, ó fa fọ́nrán kan yọ lára wáyà kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́, ó sì fi ń gún ihò rẹ̀. Idẹ ni jẹ́ẹ̀tì. Irin ni fọ́nrán yẹn. Irin ń ha idẹ. Bí ihò tó jẹ́ 0.40 mm bá di 0.44 mm, ojú kò ní rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n ààyè tí epo ń gbà kọjá ti fi 21% pọ̀ sí i. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí púlọ́ọ̀gì tó máa pẹ́ nínú ọkọ̀ yẹn, bó ti wù kó wọ́n tó. Ẹ ò sì ní rántí pé ọjọ́ tí wọ́n "fọ kábúrétọ̀" ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Ẹ rẹ jẹ́ẹ̀tì sínú bẹntiróòlù mọ́jú, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ fọ́kánáísà kó fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ. Ẹ dì í mú gírígírí, nítorí bó bá fò sínú iyanrìn, ó di àwátì. Bí ìdọ̀tí ò bá jáde, fọ́nrán okùn ìpẹja onírọ́bà ni kí ẹ fi tì í. Èyí tí wọ́n bá ti fi irin gún, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí nọ́ńbà kan náà tí wọ́n kọ sí i lára.

Ẹ tún wo abẹ́rẹ́ inú kábúrétọ̀. Bí wọ́n bá ti gbé kílíìpù rẹ̀ sísàlẹ̀, abẹ́rẹ́ á ga, epo á pọ̀. Ẹ gbé kílíìpù sókè ní ìpele kan, kí ẹ tún púlọ́ọ̀gì kà. Ní ti súkúrúù ẹ̀gbẹ́ kábúrétọ̀, àṣìṣe ni kí a máa tú gbogbo rẹ̀ síta bákan náà. Èyí tó wà níhà asẹ́ atẹ́gùn, atẹ́gùn ló ń dínà mọ́: bí a bá yí i wọlé, epo á pọ̀. Èyí tó wà níhà ẹ́ńjìnnì, epo ló ń dínà mọ́: bí a bá yí i wọlé, epo á dín. Ẹ rọra yí i wọlé títí á fi jókòó, ẹ tú u síta ní ìyípo kan àbọ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe láti ibẹ̀.

Ṣóòkù àti asẹ́ atẹ́gùn

Ní àárọ̀ ọyẹ́, ṣóòkù, tó ń dín atẹ́gùn kù kí ọkọ̀ tutù lè jí, ò gbọ́dọ̀ wà lókè ju bíi ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ wò ó pẹ̀lú ojú yín pé awẹ́ inú rẹ̀ ń padà sílẹ̀ pátápátá. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ ó máa ń há sí ìdajì. Asẹ́ atẹ́gùn ńkọ́? Eruku ọyẹ́ á dí i, epo á pọ̀ ju atẹ́gùn lọ. Àwọn kan á wá yọ ọ́ sọnù, ọkọ̀ á dúró dáadáa fún ìgbà díẹ̀, eruku á sì máa jẹ ríìngì, irin róbótó tó yí písítọ̀nù ká tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì gòkè. Nígbà tó bá yá, ọ́ìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, púlọ́ọ̀gì tó ń dúdú gbẹ tẹ́lẹ̀ á wá máa dúdú yọ̀. Bó bá jẹ́ fóòmù, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ sá a gbẹ, ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ kùn ún, kí ẹ fún un títí kò fi kán mọ́.

Púlọ́ọ̀gì "gbígbóná" kì í wo ríìngì sàn

Ẹnu púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ gbóná tó bíi 450°C kó tó lè jó èédú ara rẹ̀ dànù. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń sá lọ ra èyí tó gbóná jù. D8EA ti NGK ni CG125 ń lò. D7EA gbóná jù ú lọ, nítorí lọ́dọ̀ NGK bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré ni púlọ́ọ̀gì ń gbóná sí. Ti Bosch yàtọ̀: bí nọ́ńbà bá ṣe ń tóbi ló ń gbóná sí. Ẹni tí kò mọ èyí lè ra òdìkejì ohun tó ń wá. Bí ó tilẹ̀ ra èyí tó tọ́, bí ọ́ìlì bá ṣì ń gòkè, púlọ́ọ̀gì gbígbóná kàn ń fi àìsàn pamọ́ ni, ó sì lè jó písítọ̀nù lójú ọ̀nà jíjìn. Ẹ má sì ra èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju ti tẹ́lẹ̀. Písítọ̀nù lè gbá a.

Nígbà tó bá jẹ́ ọ́ìlì

Èéfín búlúù tó ń jáde nígbà tí ẹ bá fún un níná, ríìngì ni kí ẹ fura sí. Èyí tó bú jáde bí ẹ bá ṣáná láàárọ̀, tàbí bí ẹ bá fún un níná padà lẹ́yìn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹ ti sọ ọ́ sílẹ̀, sáábà máa ń jẹ́ ti ẹsẹ̀ fáàfù, ilẹ̀kùn tí epo ń gbà wọlé tí èéfín sì ń gbà jáde. Kí ẹ tó tú ẹ́ńjìnnì, ẹ wọn kọ́ńpíréṣọ̀n (agbára tí písítọ̀nù fi ń fún atẹ́gùn pọ̀), ẹ da ọ́ìlì síbí kékeré kan sí ihò púlọ́ọ̀gì, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá lọ sókè dáadáa, ríìngì ni. Bí kò bá mira, ẹ yíjú sí fáàfù.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọ́ìlì tó pọ̀ jù lásán ni. Ẹ gbé CG125 dúró ṣánṣán, kí ẹ kàn ti ọ̀pá ọ́ìlì bọ ihò láìyí i, kí ẹ tó kà á. Bí ọ́ìlì bá ga sí i fúnra rẹ̀, tó sì ń rùn bẹntiróòlù, kábúrétọ̀ ló ń jò wọlé lóru. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì yẹn kí ẹ tó gùn ún níbikíbi.

Fún tú-sítíróòkù bíi AX100, ẹ́ńjìnnì tó ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, bí pọ́ǹpù ọ́ìlì bá ṣì ń ṣiṣẹ́, tí ẹnìkan tún ń pò ọ́ìlì mọ́ epo nínú táńkì, ìlọ́po méjì ni púlọ́ọ̀gì ń mu. Bí wọ́n bá ti yọ pọ́ǹpù, ẹ wọn ọ́ìlì: ìdá kan nínú ogójì túmọ̀ sí mílílítà 125 sí lítà epo 5.

Iná tí kò lágbára

Epo lè pé, kí ríìngì sì dára, kí púlọ́ọ̀gì ṣì máa tutù. Ẹ wo kọ́ńtáàtì, irin kékeré tó ń ṣí tó ń pa kí iná lè wá, lára ọkọ̀ tó ń lò ó: àlàfo rẹ̀ jẹ́ 0.3 sí 0.4 mm. Ẹ gé bíi mílímítà 5 kúrò ní ẹnu wáyà púlọ́ọ̀gì tó ti dúdú, kí ẹ tún kápù rẹ̀ dè. Bí ẹ bá ń dán iná wò, púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ fara kan irin ẹ́ńjìnnì, kí ó sì jìnnà sí ihò rẹ̀, nítorí oru epo tó ń jáde níbẹ̀ lè gbiná.

Ẹ ṣọ́ra fún epo inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti da kẹrosíìnì sí, kò ní jó tán. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé láti Sábó dé Àrádà nìkan ló ń lọ, tó ń síló níbi tó ti ń dúró de èrò, ẹ máa gbé e gba ọ̀nà jíjìn fún ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún ìdí rẹ̀ ṣe, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ fi ọwọ́ lásán yí púlọ́ọ̀gì tuntun wọlé títí á fi jókòó. Lẹ́yìn náà, ìdajì ìyípo péré ni kí ẹ fi sípánà fún un. Ẹ gùn ún bíi kìlómítà 100, kí ẹ tún tú u wò.