Ẹ wo kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yín kẹ́ ẹ tó ra spray gun tẹ́ ẹ máa fi kun katakata

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fúnra yín kun katakata lọ́dà, tàbí àwọn irinṣẹ́ oko bí ohun ìtúlẹ̀ àti tírélà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì sanwó spray gun kankan, ìyẹn gọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń fọ́n ọ̀dà, ẹ kọ́kọ́ lọ wo kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tẹ́ ẹ ní, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún un ní atẹ́gùn. Spray gun ò lágbára kankan fúnra ẹ̀, atẹ́gùn tó ń wọnú ẹ̀ ló ń fọ́ ọ̀dà sí wẹ́wẹ́, tátẹ́gùn yẹn ò bá wá tó, gọ́ọ̀nù tó dáa jù lọ náà á kàn máa tu ọ̀dà sára irin ní kókó-kókó ni, ara ẹ̀ á wá rí gbágungbàgun bí èèpo ọsàn.

Ohun tẹ́ ẹ máa wò lára kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ni CFM, ìyẹn bí atẹ́gùn tó ń pèsè láàárín ìṣẹ́jú kan ṣe pọ̀ tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn, bí táǹkì ṣe tóbi tó ni wọ́n ń wò. Táǹkì ńlá dáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ló kàn ń jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kátẹ́gùn tó lọ sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti ń fọ́n ọ̀dà lọ láìdúró, iye tí póòmù ẹ̀ lè pèsè lẹ máa padà gbára lé. Ẹ tún kíyè sí psi, ìyẹn bí atẹ́gùn ṣe le tó, tí wọ́n kọ mọ́ CFM yẹn o, torí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kan náà, CFM tó máa fún yín ní 40 psi máa ń pọ̀ ju tí 90 psi lọ. Tí gọ́ọ̀nù bá ń fẹ́ 12 CFM, ẹ wá kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó lè mú ju 12 wá ní psi tí gọ́ọ̀nù yẹn ń lò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó máa dúró láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì kátẹ́gùn lè padà kún, tí ọ̀dà bá sì gbẹ tán, ojú ibi tẹ́ ẹ dúró sí á hàn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹni tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ẹ̀ kéré má kánjú ra HVLP, ìyẹn gọ́ọ̀nù tó ń lo atẹ́gùn púpọ̀ àmọ́ tí atẹ́gùn ẹ̀ kì í le. Gọ́ọ̀nù tó dáa gan-an ni, wọ́n ṣe é kí agbára atẹ́gùn tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀ má kọjá 10 psi, torí náà ọ̀dà kì í fi bẹ́ẹ̀ ta padà, ó kéré tán 65% ohun tẹ́ ẹ fọ́n ló yẹ kó lẹ̀ mọ́ irin. Gọ́ọ̀nù ayé àtijọ́ tó ń lo bí 40 sí 60 psi, púpọ̀ nínú ọ̀dà ẹ̀ ló ń di ìkuukùu tó ń lọ sára ògiri. Àmọ́ ọ̀pọ̀ HVLP ló ń gba 10 sí 15 CFM, níbo ni kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kékeré ti fẹ́ rí i? Tí tiyín ò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ wo gọ́ọ̀nù LVLP, òun náà kì í fi ọ̀dà ṣòfò, atẹ́gùn tó ń gbà kéré, kìkì pé ibi tó ń kùn lẹ́ẹ̀kan náà ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Fún katakata kò burú rárá, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìkórè tó ga bí ilé ni, etí ibi tẹ́ ẹ kọ́kọ́ kùn á ti máa gbẹ kẹ́ ẹ tó padà débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ife ọ̀dà wà ló wá kàn, ó sì ká mi lára torí àwọn tó ń ṣàlàyé spray gun, mọ́tò ni wọ́n sábà ń rò. Katakata ò jọ mọ́tò. Ẹ máa sùn sábẹ́ ẹ̀, ẹ máa na gọ́ọ̀nù wọ inú ríìmù, ẹ máa wá ẹ̀yìn táǹkì epo, ẹ máa kun abẹ́ irin tó jẹ́ pé òkè lẹ máa kọ ẹnu gọ́ọ̀nù sí. Èyí tí ife ẹ̀ wà lókè, ọ̀dà ń ṣàn wọlé fúnra ẹ̀, ó ń fọ́n dáadáa láìfi atẹ́gùn le, ó sì ń lo ọ̀dà dé ìsàlẹ̀ ife, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dojú ẹ̀ délẹ̀, ọ̀dà á máa ro látinú ihò ìdérí, atẹ́gùn á sì gba ibi tó yẹ kí ọ̀dà gbà. Èyí tí ife ẹ̀ wà nísàlẹ̀ ń gbà tó lítà 1, ó gba kí atẹ́gùn ẹ̀ le díẹ̀, ọ̀dà sì máa ń ṣẹ́ kù sídìí ẹ̀ tí kò ní gbé e. Ẹ̀kẹta ni ìkòkò atẹ́gùn, tí ọ̀dà wà nílẹ̀ nínú ìkòkò tó sì ń gba inú họ́ọ̀sì wá bá gọ́ọ̀nù, òun ni mo fẹ́ràn fún ẹni tó ní irinṣẹ́ púpọ̀ láti kùn, ó fúyẹ́ lọ́wọ́, kò sí bẹ́ ẹ ṣe gbé e tí kò ní fọ́n. Wàhálà ẹ̀ ni fífọ̀, họ́ọ̀sì yẹn ń jẹ tíńà.

Ẹni tó ní katakata kan péré, kó ra èyí tí ife ẹ̀ wà lókè, kó sì fi gọ́ọ̀nù kékeré kan tí ihò ẹ̀ jẹ́ 0.8 tàbí 1.0 mm kún un fún kọ̀rọ̀-kọ̀rọ̀.

Ihò ẹnu gọ́ọ̀nù ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀dà yín, ọ̀rọ̀ wọn ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Lápapọ̀ ṣá, 1.3 sí 1.5 mm ló bá ọ̀dà òkè mu, ìyẹn èyí tẹ́ ẹ máa kùn gbẹ̀yìn, práímà tó ki, èyí tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ kùn, ń fẹ́ 1.7 sí 2.0. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi gọ́ọ̀nù kan ṣe méjèèjì, ẹ ra èyí tó ní ihò méjì nínú páálí ẹ̀, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ ihò àti abẹ́rẹ́ inú ẹ̀ pa pọ̀, torí wọ́n jọ ń lọ ni. Lójú tèmi ó sàn kẹ́ ẹ ní méjì: olówó pọ́ọ́kú fún práímà, ẹ ṣáà máa fi sáńpépà ha práímà yẹn, kí owó gidi lọ sórí èyí tó máa kun ọ̀dà òkè. Ẹ bi wọ́n bóyá abẹ́rẹ́ àti ihò ẹ̀ jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀ lọ́tọ̀, torí gọ́ọ̀nù tí ẹ ò lè rí wọ́ṣà ẹ̀ rà, ọjọ́ tó bá ti ń jò náà ló parí.

Ẹ má jẹ́ kí họ́ọ̀sì tín-ín-rín ba gbogbo ẹ̀ jẹ́, 3/8 ínǹṣì ni kẹ́ ẹ lò, 1/4 máa ń fún atẹ́gùn lọ́rùn. Ẹ fi rẹgulétọ̀, ìyẹn ohun tẹ́ ẹ fi ń dín agbára atẹ́gùn kù, sídìí gọ́ọ̀nù, kẹ́ ẹ sì tẹ gọ́ọ̀nù kátẹ́gùn máa jáde nígbà tẹ́ ẹ bá ń ka géèjì ẹ̀, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn ò jáde, irọ́ ni. Ohun tó ń gba omi inú atẹ́gùn, ẹ gbé e jìnnà sí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, torí atẹ́gùn tó ṣì gbóná ń gbé omi mọ́ra, ó dìgbà tó bá tutù kómi tó já sílẹ̀.

Airless náà wà, èyí tí kì í lo atẹ́gùn rárá, tó ń fi agbára bíi 2000 psi ti ọ̀dà jáde. Fún ilẹ̀ tírélà ó yá, fún bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ má dán an wò. Ẹ má fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀ láé, ó lè ti ọ̀dà wọnú ẹran ara, tó bá ṣẹlẹ̀ ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀, bí ojú ọgbẹ́ tiẹ̀ kéré.

Nípa ìbòmú, mo bẹ̀ yín. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà tí wọ́n ń po hádínà mọ́ kó lè le ní kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ isocyanate, ó lè dá asthma, àìsàn tí kì í jẹ́ kéèyàn mí dáadáa, sí èèyàn lára títí ayé, ẹ ò sì ní gbóòórùn ẹ̀ kó tó ṣe yín léṣe. Aṣọ tí wọ́n ń fi bo imú ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Ìbòmú tó ń gba atẹ́gùn tó mọ́ láti ìta ló dáàbò bò yín jù, kẹ́ ẹ bo ojú àti ara náà. Tí ẹ ò bá lè rí i, ẹ lo ọ̀dà tí kò gba hádínà.

Tẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ fọ́n ọn sára páálí kẹ́ ẹ tó súnmọ́ katakata, kẹ́ ẹ jìnnà sí i tó 15 sí 20 cm. Tí ojú ọ̀dà tó wà lára páálí bá tẹ̀ kọ́rọ́ sápá kan, ihò kan ló dí nínú etí méjèèjì tí atẹ́gùn ń gbà jáde, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti tíńà fọ̀ ọ́, ẹ má ki wáyà bọ̀ ọ́. Tí àárín ẹ̀ bá ṣófo tí ọ̀dà wà lókè àti nísàlẹ̀, atẹ́gùn ti pọ̀ jù, tó bá wá jẹ́ pé àárín nìkan ló ṣù jọ, ọ̀dà yẹn ki jù tàbí atẹ́gùn ò tó.