Ọta Tó Bá Ìbọn Àtijọ́ Mu: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Ọdẹ àti Àgbẹ̀ Agbègbè Kétu àti Ṣábẹ̀ ní Benin

Ìbọn kalíbà 12 (kalíbà ni ìwọ̀n fífẹ̀ ihò ìbọn) tí a jogún lọ́wọ́ bàbá ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọdẹ. Bí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ bá ti ń tàsé, ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á lọ ra ọta tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ọta líle kì í tún ìbọn ogbó ṣe. Ọta tó bá a mu, tí a sì ti dán wò lórí bébà, ni kí ẹ wá. Ìwé yìí kò kan ṣakabùlà tí a ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu.

Ẹ ka ara ìbọn kí ẹ tó ka páálí ọta

Ẹ ṣí ìbọn, kí ẹ rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Ẹ yọ igi abẹ́ rẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ irin níbi tí ọta ń wọ̀. Ẹ ó rí nọ́ńbà bíi 12-65 tàbí 12-70: ti àkọ́kọ́ ni kalíbà, èkejì ni gígùn ilé ọta ní mílímítà. Ọ̀pọ̀ ìbọn Faransé àtijọ́ jẹ́ 65. Ọta 70 lè wọ inú ilé 65 láìjanpata, nítorí ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní kíká. Ìgbà tí ẹ bá yìn ín ni ẹnu náà á ṣí, tí kò ní rí àyè. Á fún ọ̀nà tí òjé fẹ́ gbà jáde, agbára inú irin á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ìbọn lè má bẹ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìdè rẹ̀, ibi tí irin ti so mọ́ ara ìbọn, á máa tú díẹ̀díẹ̀. Ọta 76 kò ní iṣẹ́ kankan nínú irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ti pa rẹ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ alátùn-ún-ṣe ìbọn tó ní ohun ìwọ̀n. Ẹ má fojú díwọ̀n.

Bí ara irin bá ní ìlà wínníwínní tó yí i ká bí okùn tí a lọ́, ẹ fi í kọ́ ògiri. Ọta òde òní kọ́ ni wọ́n ṣe é fún.

Ẹ gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi sáàárín ẹ̀yìn irin àti ara ìbọn, kí ẹ pa á dé láìsí ọta nínú rẹ̀. Bí bébà bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tí ẹ fà á, ìdè ti jẹ. Ẹ kọ inú irin sí ojú ọ̀run: ibi tó ti tẹ̀ tàbí tó wú, ẹ má yin ìbọn náà mọ́ títí a ó fi tún un ṣe.

Ẹ má kó ọta kalíbà 20 àti 12 pọ̀ sínú àpò kan náà láé. Ti 20 tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti 12 lọ: á yọ́ kọjá ilé ọta ìbọn 12, á há síwájú. Ọdẹ á rò pé òun kò tíì ki ọta, á ki 12 tẹ̀lé e, irin á sì bẹ́ níbi tí ọwọ́ òsì ti dì í mú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kun ti 20 ní àwọ̀ ìyeyè.

Nọ́ńbà òjé

Bí nọ́ńbà ṣe ń ga ni hóró òjé ń kéré. Nínú ọta Faransé, nọ́ńbà 7 jẹ́ mílímítà 2,5. Nọ́ńbà 6 jẹ́ 2,75. Nọ́ńbà 4 jẹ́ 3,25. Nọ́ńbà 2 jẹ́ 3,75. Àparò àti àdàbà, 7 tó. Awó àti ehoro, 6 tàbí 5. Ọ̀yà, 4. Ẹtu, 2, kó má sì jìnnà ju mítà 25 lọ. Òjé gíráàmù 28 sí 32 nínú ọta kan ni kí ìbọn 65 máa jẹ. 36 ń gbò ó, ó sì ń gbo èjìká pẹ̀lú.

Ọta oníhóró mẹ́sàn-án ńláńlá tí ọ̀pọ̀ fẹ́ràn kì í ṣe ohun tí a lè gbà yín nímọ̀ràn. Hóró mẹ́sàn-án péré ni. Ní mítà 30, ẹtu lè dúró sí àárín wọn kó má fara gbá, tàbí kó gba ẹyọ kan síkùn, kó lọ kú sí ibi tí ajá kò lè débẹ̀.

Ìdánwò lórí bébà

Ẹ tú àpò sìmẹ́ńtì, ẹ lẹ̀ wọ́n pọ̀ kó fẹ̀ tó mítà kan ní gbogbo ìhà, ẹ fi èédú sàmì sí àárín. Ẹ gbé e síwájú ògán ńlá tàbí òkìtì amọ̀, kí ẹ sì rí i pé kò sí ènìyàn tàbí ẹran lẹ́yìn ibẹ̀. Ẹ má ṣe é níwájú àpáta, èyí tó pọ̀ ní Ṣábẹ̀: òjé á ta padà. Okùn ni kí ẹ fi wọn mítà 35, kì í ṣe ìṣísẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ gbé ọwọ́ òsì lé àpò yanrìn; kí irin má fara kan igi.

Ẹ yin mẹ́ta, bébà tuntun fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí ihò pọ̀ jù sí, ẹ kan ìṣó sí àárín rẹ̀, ẹ fi okùn sẹ̀ǹtímítà 37,5 yí òbìrípo. Ọta gíráàmù 32 nọ́ńbà 6 ní hóró bíi 265. Ti nọ́ńbà 4 bíi 160. Ìbọn tí ẹnu rẹ̀ fún dáadáa á kó bíi 70 nínú ọgọ́rùn-ún sínú òbìrípo. Èyí tí ẹnu rẹ̀ kò fún rárá, bíi 40. Ṣùgbọ́n kíkà nìkan kò tó. Ẹ wá àlàfo. Bí àtẹ́lẹwọ́ méjì bá bo ibì kan láìkan ihò, ọ̀yà á gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ sún mọ́ ọn sí mítà 30, sí 25, títí àlàfo náà á fi pa. Ibi tó bá pa sí ni òpin ìbọn yín pẹ̀lú ọta yẹn. Ẹ gbìyànjú ọta ilé-iṣẹ́ mìíràn kí ẹ tó gbà pé ìbọn ti bàjẹ́. Ìbọn méjì tó jọra kì í fẹ́ ọta kan náà.

Bí òjé bá ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ kọ́kọ́ fún ìdè tó wà nínú ìdí igi ìbọn le; òun ló sábà máa ń fà á. Bí ó bá ń lọ sílẹ̀, ẹ fi ayùn irin ha ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lẹ́nu irin díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ń lọ sókè, ọdẹ ló ń gbé orí kúrò lára igi.

Nígbà tí ẹ bá ń yìn

Bí ẹ bá fà á tí kò dún, ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó ṣí i. Bí ó bá dún fẹ́ẹ́, ẹ dúró: ẹ ṣí i, ẹ wo inú irin. Èdídí ike tó wà láàárín ẹ̀tù àti òjé nínú ọta lè ti há síbẹ̀, ọta tó bá tẹ̀lé e ló ń fọ́ irin. Ọta tí wọ́n tún kún nílé, ẹ má rà á, bó ti wù kó dín owó kù.

Epo pupa àti àdí kì í ṣe oògùn ìpẹtà. Wọ́n máa ń dì mọ́ ìṣó tó ń lu ìdí ọta, kò sì ní lù ú le mọ́. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ ìbọn, kí ẹ fi òróró ẹ̀rọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nù ún. Orí àjà tó wà lókè ààrò kọ́ ni ibi ìpamọ́ ọta: ooru ń ba ẹ̀tù jẹ́. Inú agolo oníderí, níbi tó tutù tó sì gbẹ, ni kó wà, lábẹ́ kọ́kọ́rọ́, kí ìbọn wà níbòmíràn tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Ìwé àṣẹ ìbọn àti ti ìdẹ kò gbọdọ̀ wọ́n lápò. Òfin 2002-16 ti oṣù kẹwàá ọdún 2004 ló ń ṣàkóso ẹran igbó ní Benin, àwọn ará Eaux et Forêts, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó, ló sì lè sọ ẹran tí òfin gbà kí a pa àti ìgbà tí a lè dẹ.

Nídìí ẹran, kí ẹni tó ń bù ú gé ẹran tó dúdú yíká ojú ọgbẹ́ dànù, kó sì fi ọwọ́ wá òjé jáde kí ìkòkò tó gorí iná. Òjé jẹ́ májèlé, pàápàá fún ọmọdé àti aboyún, tòmátì àti ọsàn wẹ́wẹ́ sì ń mú kó tètè yọ́ sínú ọbẹ̀.