Bí ajá yín bá ń bẹ̀rù mọ́tò

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ajá tó ń gbọ̀n, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ nínú mọ́tò kì í ṣe olóríkunkun. Ẹ̀rù ń bà á ni, tàbí èébì ń gbé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lù ú.

Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wọ mọ́tò tó wà lórí ìdúró, kí ẹ fún un ní ẹran díẹ̀ níbẹ̀, kó sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó bá ń fúnra rẹ̀ wọlé, ẹ tan ẹ́ńjìnnì láì rìn. Lẹ́yìn náà, ẹ wà á dé ìkóríta, kí ẹ padà. Bó bá tún ń gbọ̀n, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ tó ṣáájú. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbé ajá sí mọ́tò àfi tó bá fẹ́ gba abẹ́rẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi ka mọ́tò sí ìrora.

Lọ́jọ́ ìrìn, ẹ má fún un lóúnjẹ ní bíi wákàtí 3 sí 4 ṣáájú. Omi díẹ̀ kò burú. Ẹ gbéra kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 tó le, torí ooru ń dá kún ẹ̀rù. Ẹ̀yìn ni kó wà, kí ẹ so okùn àyà rẹ̀ mọ́ bẹ́líìtì. Ti ọrùn lè fún un lọ́rùn bí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì. Oògùn oorun èèyàn ńkọ́? Rárá o, ẹ bi dókítà ẹran.