Bí mo ṣe fi ìgbẹ́ adìyẹ àti ajílẹ̀ òyìnbó gbin ọ̀dùnkún

Owó ajílẹ̀ òyìnbó ló lé mi dé ìdí ìgbẹ́ adìyẹ. Ní Òṣogbo níbí, àpò NPK 15-15-15 tó wọn kílò 50 ti gbówó lórí débi pé bí mo bá fi òun nìkan bọ́ oko ọ̀dùnkún mi lọ́nà Ìlobùú, èrè kò ní kù. Bẹ́ẹ̀, náítírójìn, ìyẹn oúnjẹ tó ń mú ewé ohun ọ̀gbìn dàgbà, kò ju kílò 7.5 lọ nínú àpò náà, nítorí 15 àkọ́kọ́ yẹn ni ìdá tirẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún! Mo pinnu pé ìdajì ni n ó rà, kí ìgbẹ́ adìyẹ dí àlàfo yòókù.

Kíkọ ebè àti gígé ìtàkùn kò ṣòro fún àgbẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ ló dá mi dúró. Ẹni tó tà á fún mi fọwọ́ sọ̀yà pé ó ti jinná, ìyẹn pé ó ti jẹrà tán, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tú àpò, òórùn tó ń ta ni lójú ló yọ, ooru sì ń rú lára rẹ̀ bí ìgbà tí a ṣí ìkòkò ẹ̀kọ. Kò tíì jẹrà rárá, ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ adìyẹ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Irú èyí a máa jó gbòǹgbò, ìyẹ̀fun pákó náà a sì máa bá ohun ọ̀gbìn du náítírójìn inú ilẹ̀ títí yóò fi jẹrà. Mo pe ẹni náà, kò gbé e. Ó dùn mí, nítorí owó gidi ni mo san.

Ni mo bá kó o jọ sábẹ́ ìbòjì, mo ń wọ́n omi sí i níwọ̀nba, mo sì ń yí i padà nígbàkúùgbà tí inú rẹ̀ bá gbóná. Koríko ń hù lórí ebè mi, àwọn tí a jọ pààlà oko ti ń gbin tiwọn. Ìgbà tó dúdú, tó tutù, tí òórùn rẹ̀ sì di ti ilẹ̀, ni mo tó rò ó mọ́ ebè, tí mo sì gbìn.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn náà ni mo bu NPK yí ìdí ìtàkùn ká, mo sì fi erùpẹ̀ bò ó kí òjò má baà wọ́ ọ lọ. N kò sọ ọ́ di púpọ̀, nítorí ọ̀dùnkún tí náítírójìn bá pọ̀ fún yóò kàn máa ta ewé rẹpẹtẹ ni.

Nígbà ìkórè, ebè tó gba méjèèjì ta ju àwọn tí mo fi NPK nìkan sí lọ, ilẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀ débi pé ọwọ́ lásán ni mo fi wú púpọ̀ nínú wọn. Orí mi wú gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kí ó ra ìgbẹ́ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó sì ti igi bọ àárín àpò kí ó tó sanwó: bí igi náà bá jáde ní gbígbóná, kí ó fi ọjà sílẹ̀ fún ọlọ́jà.