Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn jíìpù mi: bí mo ṣe san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì

₦92,000 ni gíláàsì kékeré kan gbà lọ́wọ́ mi lọ́dún yìí. Gíláàsì ọ̀hún fúnra rẹ̀, ₦38,000 ni mo rà á. Iṣẹ́ gbàrọgùdù tí ẹnì kan bá mi ṣe àti owó tí mo fi tún ohun tó bàjẹ́ ṣe ló kó ìyókù lọ. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́.

Toyota Highlander 2003 ni ọkọ̀ mi. Jíìpù àgbà ni, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, mi ò sì ní in lọ́kàn láti tà á. Ní àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Karùn-ún, wọ́n ń fi ẹ̀rọ gé koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa ní Bódìjà, ni ẹ̀rọ náà bá ta òkúta wẹ́wẹ́ kan lu gíláàsì ẹ̀yìn lápá òsì, èyí tí kì í ṣí, tó wà láàárín ilẹ̀kùn ẹ̀yìn àti bọ́ọ̀tù. Kọ́tà gíláàsì ni àwọn ọlọ́jà ń pè é. Kò tíì já bọ́ o. Ó kàn funfun láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ilé aláǹtakùn ni, tíǹtì tí mo lẹ̀ mọ́ ọn láti ọjọ́ pípẹ́ ló dì í mú. Ìgbà tí ọmọ mi ti bọ́ọ̀tù ni gbogbo rẹ̀ ya wálẹ̀, wóró-wóró bí iyọ̀ òkúta, ó kún ilẹ̀ bọ́ọ̀tù, ó tún wọ ihò tí bẹ́líìtì ìjókòó ti ń jáde.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe wíńdò alumínià ládùúgbò wa ní òun á gé gíláàsì sí i fún mi ní ₦8,000. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kọ̀. Wọ́n máa ń yan gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ nínú iná, wọ́n á sì fi atẹ́gùn tù ú lójijì kó lè le. Tó bá fọ́, wóró ló máa ń dà, kì í sábà gún èèyàn. Kò sẹ́ni tó lè gé e mọ́ lẹ́yìn tó bá ti gba iná yẹn. Torí náà, gíláàsì wíńdò ilé ni ẹni tó bá ní òun á gé e fún yín fẹ́ fi sí i. Tí ìyẹn bá fọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọmọ, ọ̀bẹ ni.

Àràròmí ni mo gbà lọ, ọjà sípéèpáàtì tó wà ní Agodi Gate. Mo mọ ohun tí mo fẹ́: apá òsì, tòkúnbọ̀, láti ara Highlander tí wọ́n ṣe láàárín 2001 sí 2007, nítorí láti 2008 ni ara rẹ̀ ti yí padà pátápátá. Mo yẹ rọ́bà etí rẹ̀ wò yí ká, mo gbé e sójú oòrùn, mo ná an láti ₦55,000 sí ₦38,000. Inú mi dùn délé.

Ibi tí mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé ni pé mo rò pé gíláàsì ni gbogbo iṣẹ́ náà. Mo bá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ onígíláàsì kan létí títì, nítorí pé ó sún mọ́ ilé. Ó ní ₦12,000, ó ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti tó.

“Ẹ má mikàn, Ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ ọwọ́ wa nìyí.”

Ó mú sikurudiráfà, ó fi hó gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò lára férémù, ó hó o títí ó fi kan irin. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń dún, kíṣí kíṣí. Lẹ́yìn náà ló mú ike gọ́ọ̀mù kan jáde, ó fún un yí etí férémù ká, ó gbé gíláàsì lé e. Òórùn kan gbòde, ó ń ta nímú bí fínígà. Mo gbọ́ òórùn yẹn dáadáa, mi ò sì bi í léèrè. Ó dùn mí pé mi ò bi í.

Sílíkónì ni, èyí tí wọ́n fi ń dí etí wíńdò ilé àti etí ìwẹ̀. Irú èyí tó ń rùn bíi fínígà máa ń tú ásíìdì jáde bó ṣe ń gbẹ, irin tí wọ́n bá sì ti hó ọ̀dà ara rẹ̀ kúrò kì í lè bá a gbé. Iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti gọ́ọ̀mù wínsíkírìn, èyí tí wọ́n ń kọ polyurethane sí lára, tó máa ń di gíláàsì mọ́ ara ọkọ̀ bí ẹni pé inú irin ló ti hù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni. Òjò oṣù Kẹfà dé, ìyàwó mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé nǹkan kan ń rùn nínú ọkọ̀. Mo rò pé ẹja ló dà síbẹ̀. Ọjọ́ tí iná ẹ̀yìn apá òsì kọ̀ tí kò tàn ni mo tó gbé kápẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀tù sókè. Omi ti rin fóòmù abẹ́ rẹ̀ gbingbin, ó ti bu, ó hù fúlọ́fúlọ́ bí iyán ọjọ́ mẹ́rin. Omi ti rọ sórí wáyà iná. Ráìwáyà gba ₦7,000, àwọn tó bá mi fọ kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sì sá a gbẹ gba ₦15,000.

Mo padà sọ́dọ̀ onígíláàsì. Ó wò ó, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wa la ń lò ó. Ẹ jẹ́ kí n tún fún un sí i láti ìta, ó ti parí nìyẹn.” Sílíkónì ló fẹ́ fi dí sílíkónì! Kò dá kọ́bọ̀ padà. Mo gbé ọkọ̀ mi kúrò níwájú ìsọ̀ rẹ̀, mo sì pinnu pé ọwọ́ èmi fúnra mi ni màá fi ṣe é.

Mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí bí wọ́n ṣe ń tú pánẹ́ẹ̀lì inú bọ́ọ̀tù. Ẹni tó bá ti tú pánẹ́ẹ̀lì ilẹ̀kùn rí mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ra kílíìpù mẹ́rin márùn-ún sílẹ̀, wọn á ṣẹ́. Yíyọ gíláàsì náà kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá: abẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo kì bọ abẹ́ rẹ̀, ó sì tú bí ìgbà tí èèyàn ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Gọ́ọ̀mù gidi kì í tú bẹ́ẹ̀. Wáyà ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ, ẹnì kan nínú, ẹnì kan lóde.

Ohun tó fẹ́ pa mí ni sílíkónì tó kù lára irin. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló gbà mí.

Mo rò pé tínà á jẹ ẹ́. Kò jẹ ẹ́. Mo da epo bẹntiróòlù sí àkísà, mo nù ún, ó kàn wú, ó rọ̀, ó tún padà bó ṣe wà. Sípíríìtì fọ ìdọ̀tí orí rẹ̀ nìkan. Nínú gbogbo ohun tí mo dán wò, kò sóhun tó ń yọ ọ́ ju kí èèyàn fi abẹ hó o díẹ̀díẹ̀, kó máa fi àtàǹpàkò yí ìyókù bíi kèlèbè gbígbẹ títí á fi ṣí. Ọjọ́ kìíní, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ìdajì férémù ni mo ṣe. Ìka mi bó. Mo jẹun tán lálẹ́, mo ṣì ń gbọ́ òórùn tínà lọ́wọ́ mi.

Ìdí tí mi ò fi lè gbójú fò ó ni pé kò sí gọ́ọ̀mù wínsíkírìn tó ń lẹ̀ mọ́ orí sílíkónì. Tó bá ku ìlà kan tó tín-ín-rín bí irun, ibẹ̀ ni omi á tún gbà wọlé. Ojú kì í sì í rí i, nítorí pé ó mọ́lẹ̀ gaara, ó dà bíi pé irin ti mọ́. Bọ̀dá panẹ́lì-bítà tí ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí wa ló fi ọgbọ́n hàn mí. Ó fi ìka wọ́n omi sí etí férémù. Níbi tó mọ́, omi tẹ́ pẹrẹsẹ. Níbi tí sílíkónì kù sí, omi ká jọ ní kókó-kókó bí ìrì lójú ewé kókò, ó sì yí bọ́ sílẹ̀. Mo wò ó, ó ju ibi ogún lọ! Lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí mo ti ń hó nǹkan. Inú bí mi débi pé mo jókòó sórí táyà, mi ò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan.

Ìyẹn nìkan kọ́. Gbogbo ibi tí sikurudiráfà onígíláàsì ti dé irin ti dógùn-ún. Igun ìsàlẹ̀ ló burú jù, ó pupa bí ilẹ̀ Ìbàdàn, ó ń bó wẹ́wẹ́. Mo fi sáńpépà yọ ọ́ títí ó fi dán, Bọ̀dá kun ọ̀dà ìdíwọ́ ìpẹtà sí i fún mi, kò gba owó. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Òjò sì ń ṣú. Náílọ́nù ni mo fi bo ihò náà mọ́jú, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jí lóru láti wò ó.

Ohun kan wà tó ń mú mi gbóná tí mo bá rántí. Gọ́ọ̀mù tí ilé iṣẹ́ fi síbẹ̀ ní 2003 ṣì dì mọ́ irin dáadáa lọ́jọ́ tí onígíláàsì ń hó o. Kò yẹ kó hó o tán. Ńṣe ni wọ́n máa ń fi abẹ gé e lulẹ̀ kó ku bíi mílímítà 1 tàbí 2, tí wọ́n á sì fún tuntun lé e lórí, nítorí kò sóhun tí gọ́ọ̀mù tuntun ń lẹ̀ mọ́ tó gọ́ọ̀mù àtijọ́ tó ṣì dúró re. Ká ní ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀dà ò ní bó, irin ò ní dógùn-ún, n ò sì ní lo ọjọ́ mẹ́ta nídìí abẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ náà dùn. Gọ́ọ̀mù gidi, ₦9,500. Práímà dúdú tó máa ń ṣáájú rẹ̀, ₦4,000. Abẹ, tépù, tínà àti nǹkan kéékèèké mìíràn, ₦6,500. Mo yá ìbọn gọ́ọ̀mù. Mo gé ẹnu ike rẹ̀ bíi lẹ́tà V, kí gọ́ọ̀mù lè jáde ní òòró, kó dúró sókè bí ẹ̀yìn ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń bínú, nítorí pé ohun tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ kò ní kan gíláàsì dáadáa. Mo fún un láti igun òkè, mo yí i ká láìdúró, ìlà kan ṣoṣo, mo mú un pàdé ara rẹ̀. Ọmọ mi di gíláàsì mú lápá kan, èmi lápá kejì, a gbé e sí i, a tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Nígbà tí mo rí i tí gọ́ọ̀mù fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà yí etí dúdú gíláàsì ká, ara mi yá gágá. Etí dúdú yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o, òun ló ń bo gọ́ọ̀mù kí oòrùn má baà jẹ ẹ́.

A fi tépù oníwèé fà á mọ́ òrùlé ọkọ̀. Mo ṣí wíńdò iwájú méjèèjì sílẹ̀ díẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo sì kìlọ̀ fún gbogbo ilé: tí gbogbo wíńdò bá wà ní títì tí ẹnì kan sì gbá ilẹ̀kùn, atẹ́gùn inú lè ti gíláàsì tuntun jáde kó tó dì. Òjò kò sì yẹ kó já ẹ láyà. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni gọ́ọ̀mù yìí fi ń gan, ó ń yá dì ní oṣù Kẹfà ju ìgbà ọyẹ́ lọ.

Tí mo bá tún máa ṣe irú iṣẹ́ yìí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí màá bi onígíláàsì, kí n tó bi í ní iye, ni: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ike gọ́ọ̀mù yín.” Màá kà á. Tó bá ní òun ò ní, màá ra tèmi dání. Màá sì tú pánẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, kí n fa gbogbo wóró gíláàsì jáde, nítorí wóró tó kù nínú ihò bẹ́líìtì ń dún ṣẹ́kẹ́-ṣẹ́kẹ́ lẹ́yìn mi ní gbogbo gọ́tà láti Bódìjà dé Mọ́kọ́lá, títí mo fi tún un tú.

Ọjọ́ karùn-ún, òjò ńlá rọ̀ láti aago méjì òru. Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo wọ inú bọ́ọ̀tù, mo na tíṣù funfun sí igun ìsàlẹ̀ tó ti dógùn-ún yẹn, mo jókòó tì í. Omi ń ṣàn lójú gíláàsì bí ìgbà tí wọ́n ń da á láti inú garawa. Ìyàwó mi na orí jáde láti ilẹ̀kùn ilé, ó ní, “Bàbá, ṣé ó ń jò?” Mo fọwọ́ kan tíṣù. Gbígbẹ ni. Mo gbé e jáde, mo fi hàn án.