Bí A Ṣe Ń Ṣètò Kọ̀ǹpáílà Kí Ètò Wa Lè Jáde ní 64-bit

Kọ̀ǹpútà yín lè jẹ́ 64-bit, kí Windows inú rẹ̀ náà jẹ́ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kí ètò tí ẹ fi èdè C kọ jáde ní 32-bit láìsí ohun tó ta yín lólobó. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ètò kan tí mo kọ láti ka fáìlì ńlá máa ń kú bó bá ti ń sún mọ́ 2 GB, bẹ́ẹ̀ 16 GB ni mẹ́mọ́rì ẹ̀rọ náà. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wá àṣìṣe nínú kóòdù mi kí n tó rí i pé kọ̀ǹpáílà, irinṣẹ́ tó ń sọ kóòdù di ètò tí ẹ̀rọ lè lò, ló fà á. Àdírẹ́sì (nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí ibi kan nínú mẹ́mọ́rì) 32-bit kò lè tọ́ka sí ju báìtì 4,294,967,296 lọ, ìyẹn 4 GB, Windows sì sábà máa ń fún irú ètò bẹ́ẹ̀ ní 2 GB péré nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi kọ̀ǹpáílà léèrè kí n tó gbà á gbọ́.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀rọ wò. Lórí Windows, ẹ lọ sí Settings, System, About. Níwájú “System type”, ẹ ó rí “64-bit operating system, x64-based processor”. Lórí Linux, ẹ tẹ uname -m, x86_64 ló yẹ kó kọ. Bó bá jẹ́ aarch64 ló kọ, ARM, irú processor mìíràn, ni ẹ̀rọ yín ń lò. 64-bit lòun náà, ṣùgbọ́n orúkọ ohun tí ẹ máa gbé sórí rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí mo kọ síbí.

Ẹ tún wò ó bóyá kọ̀ǹpáílà àtijọ́ kan ti wà níbẹ̀. Ẹ ṣí Command Prompt, fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ, kí ẹ tẹ èyí (gcc ni orúkọ kọ̀ǹpáílà tí à ń wá):

where gcc
gcc -dumpmachine

Bí ìdáhùn kejì bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú i686, tàbí tó jẹ́ mingw32 nìkan, 32-bit ni. Bó bá jẹ́ x86_64-w64-mingw32, 64-bit ni. Ẹ má jẹ́ kí 32 tó wà nídìí orúkọ yẹn dà yín láàmú. Orúkọ àtijọ́ ló kù síbẹ̀, iwájú ni kí ẹ wò. Bí where bá sì to gcc méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀, èyí tó wà lókè pátápátá ni ẹ̀rọ ń lò.

Àwọn kan á ní kí ẹ kàn fi -m64 kún àṣẹ. Kọ̀ǹpáílà tó jẹ́ 32-bit nìkan yóò dáhùn pé “sorry, unimplemented: 64-bit mode not compiled in”. Kò sí ọgbọ́n tí ẹ lè dá sí ìyẹn, àfi kí ẹ gbé òmíràn wá.

MSYS2, àkójọ irinṣẹ́ fún kíkọ ètò, ni mo máa ń lò lórí Windows. Ẹ gbà á láti msys2.org, kí ẹ jẹ́ kó wà nínú C:\msys64. Lẹ́yìn tó bá ti jókòó tán, ẹ ó rí orúkọ bíi mélòó kan nínú Start. “MSYS2 UCRT64” ni kí ẹ ṣí, kì í ṣe “MSYS2 MSYS”. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ẹ tẹ:

pacman -Syu

pacman ni ètò tó ń gbé nǹkan wọlé sínú MSYS2. Bó bá ní òun fẹ́ ti fèrèsé, ẹ jẹ́ kó tì í, kí ẹ ṣí i padà, kí ẹ sì tún àṣẹ náà tẹ̀. Ìgbà náà ni ẹ ó wá gbé kọ̀ǹpáílà fúnra rẹ̀ wọlé:

pacman -S mingw-w64-ucrt-x86_64-gcc

Kí Command Prompt náà lè rí i, ẹ fi C:\msys64\ucrt64\bin sínú Path (àtòkọ àwọn fódà tí Windows ti ń wá ètò), kó sì wà lókè gcc àtijọ́ èyíkéyìí. Ẹ ti fèrèsé tó ti wà ní ṣíṣí, torí Path tuntun kì í wọ inú rẹ̀.

Ẹni tó bá ń lo Visual Studio, “x64 Native Tools Command Prompt” ni kó ṣí. Kó tẹ cl, orúkọ kọ̀ǹpáílà rẹ̀, nìkan. Ìlà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ parí sí “for x64”. Ti Ubuntu àti Debian, tí wọ́n jẹ́ Linux, rọrùn: sudo apt install build-essential, ó parí.

Ó wá ku ìdánwò. Ẹ kọ èyí sínú dan.c:

#include <stdio.h>
int main(void) {
    printf("pointer: %d\n", (int)sizeof(void *));
    printf("long: %d\n", (int)sizeof(long));
    return 0;
}

Ẹ tẹ gcc -Wall dan.c -o dan.exe, kí ẹ sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Bí pointer, ìyẹn ìwọ̀n àdírẹ́sì ní báìtì, bá jẹ́ 8, ó ti bọ́ sí i. Bó bá jẹ́ 4, 32-bit ṣì ni. Ẹ wo long dáadáa: 4 ló máa ń jẹ́ lórí Windows 64-bit, 8 sì ni lórí Linux. Kóòdù tó bá ń fi àdírẹ́sì pamọ́ sínú int tàbí long lè ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ ní 32-bit, kó wá gé àdírẹ́sì sí méjì lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e dé 64-bit. intptr_t, tó wà nínú stdint.h, ni kí ẹ lò fún un, kí ẹ sì lo int64_t fún nọ́ńbà ńlá.

Láíbúrárì (kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ tí ètò yín ń lò) náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 64-bit. Bí ẹ bá rí “skipping incompatible” nígbà tí ètò ń so pọ̀, fáìlì náà wà níbẹ̀ o, 32-bit ló jẹ́. Ẹ fi pacman wá ẹ̀yà rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mingw-w64-ucrt-x86_64. Tó bá jẹ́ DLL (fáìlì láíbúrárì) Windows ni ẹ ń wá, inú C:\Windows\System32 ni ti 64-bit wà, SysWOW64 ló sì ń gbé ti 32-bit. Orúkọ méjèèjì dà bíi pé wọ́n yí wọn sódì, ṣùgbọ́n bó ṣe wà nìyẹn.

Kí ẹ tó tún iṣẹ́ àtijọ́ kọ́, ẹ pa gbogbo fáìlì .o (ohun tí kọ̀ǹpáílà àtijọ́ ti ṣe sílẹ̀) inú fódà rẹ̀ rẹ́. Make, irinṣẹ́ tó ń darí kíkọ́ ètò, kò mọ̀ pé ẹ ti pààrọ̀ kọ̀ǹpáílà, yóò sì fẹ́ so ti àná mọ́ ti òní.