Ìlàjà ọ̀fẹ́ wà ní Èkó: àwọn àṣìṣe tí ó ń mú kí tọkọtaya fi owó ṣòfò

Iṣẹ́ ìlàjà ìdílé ni mo ń ṣe ní Èkó, ohun tí ó sì ń bí mi nínú jù lọ ni kí ènìyàn dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn tí ó ti ná owó ilé-ìwé ọmọ tán lórí ohun tí ìjọba ti ṣètò fún un láìgba kọ́bọ̀. Láti ọdún 1999 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti dá Citizens' Mediation Centre sílẹ̀ lábẹ́ Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìdájọ́, níbi tí a ti ń parí aáwọ̀ ìdílé, ti onílé àti ayálégbé, àti ti gbèsè, lọ́fẹ̀ẹ́.

Èkínní, ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni tí ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ìjọba lówó pé kí ó bá yín sáré fáìlì.

Èkejì ni wíwá síbi ìlàjà bí ẹni tí ó wá gba ìdájọ́. Onílàjà kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, kò sì lè tú ìgbéyàwó ká. Owó oúnjẹ, owó ilé-ìwé, ibi tí ọmọ yóò máa gbé àti ọjọ́ tí òbí kejì yóò máa rí i ni ẹ lè bá wa jókòó lé lórí.

Ẹ̀kẹta ni ó ń dùn mí jù: gbígbé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ìgbéyàwó alárédè, èyí tí a ṣe ní rẹ́jísírì tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ní ìwé àṣẹ ìjọba, lọ sí kóòtù ìbílẹ̀. Obìnrin kan wá pé kí a bá òun pe ọkọ òun àtijọ́ nítorí owó ilé-ìwé. Ó yọ ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tí kóòtù ìbílẹ̀ kan fún un jáde, òǹtẹ̀ aláwọ̀ àlùkò wà nídìí rẹ̀, ó sì ti fi ọ̀rá lẹ̀ ẹ́ pa kí omi má baà bà á jẹ́. Nígbà tí mo béèrè ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó, ti rẹ́jísírì ni ó mú jáde. Ó ti sanwó lọ́yà, ìdílé rẹ̀ sì ti gba ìdána lọ́wọ́ ọkùnrin mìíràn. Èmi ni mo ní láti sọ fún un pé, lójú òfin, aya ọkọ àkọ́kọ́ ni ó ṣì jẹ́.

Òfin ẹjọ́ ìgbéyàwó tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 1970 fi títú irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ká sí ọwọ́ Kóòtù Gíga. Ìgbéyàwó ìdána ni kóòtù ìbílẹ̀ lágbára lé lórí. Nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe ìdána, tí a tún ń lọ sí rẹ́jísírì tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ní ìwé àṣẹ ìjọba, ẹ yẹ ìwé-ẹ̀rí tí ó wà nínú àpótí yín wò kí ẹ tó san owó ẹjọ́ kankan. Ìgbéyàwó tuntun tí a bá gbé ka orí ìkọ̀sílẹ̀ tí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, òfo ni. Lọ́yà tí ó mọ èyí, tí ó sì gba owó lọ́wọ́ oníbàárà láti gbé ìgbéyàwó alárédè lọ sí kóòtù ìbílẹ̀, ìkà ni ó ṣe.

Bí ìgbéyàwó alárédè kò bá tíì pé ọdún 2, ẹ kò lè gbé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀ lọ sí kóòtù láìgba ìyọ̀ǹda kóòtù náà, àfi nínú ọ̀ràn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀. Adájọ́ pàápàá, òfin ní kí ó wò ó bóyá ìrẹ́pọ̀ ṣì ṣeé ṣe.

Ẹ má ṣe gbé ọ̀rọ̀ lílù wá síbi ìlàjà. Ẹni tí ọwọ́ ń bà kò lè dúnàádúrà pẹ̀lú ẹni tí ń lù ú, ohun tí ó bá sì gbà níwájú wa, ìbẹ̀rù ni ó fi gbà á. Òfin Èkó ti ọdún 2007 fún un láàyè láti gba àṣẹ ààbò ní kóòtù, àjọ tí ń gbógun ti ìwà ipá inú ilé sì wà fún un.

Ẹ má sì ṣe fọwọ́ sí àdéhùn tí kò ju “màá máa tọ́jú wọn” lọ. Ẹ kọ iye owó náà, ọjọ́ tí yóò máa wọlé, báńkì tí yóò gbà wọlé, àti ẹni tí yóò san owó ilé-ìwòsàn bí ọmọ bá ṣàìsàn lójijì.